Iyanrìn Mẹ́kà Inú Àwòrán Alájì Ọláyanjú

Ìtàn kòkòrò ni àwọn ará Ìsọlọ̀ kọ́kọ́ máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Alájì Mùktárù Ọláyanjú, ayàwòrán. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Jeremy ló ra àwòrán kan lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e kọ́ sí pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Àgọ́ Palace. Àwòrán Alájì kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Àkísà àdìrẹ máa ń wà lára rẹ̀, ìdérí ìgò, bébà àpò sìmẹ́ńtì. Ohunkóhun tí ọwọ́ bàbá náà bá ṣáà ti tẹ̀, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èyí tí Lọ́yà rà yìí ò tíì lo oṣù méjì lára ògiri tí kòkòrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan já sínú tíì bàbá ìyàwó Lọ́yà ni Lọ́yà ránṣẹ́ pe Alájì pé kó wá kó ohun ọ̀sìn rẹ̀.

Alájì dé tòun ti fìlà rẹ̀ tó ti ṣá. Ó wo àwòrán, ó wo kòkòrò, inú rẹ̀ sì dùn bíi ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Ó béèrè bóyá wọ́n máa ń jẹ ẹ̀wà nínú ilé náà. Lọ́yà ní wọ́n ń jẹ ẹ́.

"Tí ẹ bá dé ọjà, tí ẹ rí ẹ̀wà tí kòkòrò kankan ò sí nínú ẹ̀, ṣé ẹ máa rà á?"

"Láéláé. Wọ́n ti da chemical sí irú ẹ̀wà yẹn, Alájì. Poison ni."

"Ó dáa. Ẹ ti dá ara yín lóhùn."

Lọ́yà tó ti gbá ara dì láti jà ló sin Alájì dé ẹnu géètì, tó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tó bíi wákàtí méjì kó tó yé e pé àwòrán kì í ṣe ẹ̀wà.

Bí àwòrán náà ṣe dé ọ̀dọ̀ Fẹ́yìsetán nìyẹn. Fẹ́yìsetán jẹ́ obìnrin Ìjẹ̀bú tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó yẹ àwòrán tó ń bàjẹ́ wò, kó mọ ohun tó ń ṣe é, kó sì tọ́jú rẹ̀ kó má bàa kú pátápátá. Òkè òkun ló ti kọ́ ọ. Ó gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsọlọ̀, àwọn ará àdúgbò sì gbà pé férémù fọ́tò ìgbéyàwó ló ń ṣe. Kò sí bàbá, kò sí ọkọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ni alábàákẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó wo àwòrán Lọ́yà, ó rí i pé ohun jíjẹ ni ẹni tó yà á fi lẹ gbogbo ẹrù rẹ̀ mọ́ra. Òtútù ló lè pa kòkòrò inú rẹ̀ láì ba ọ̀dà jẹ́. Ó fi ọ̀rá wé e ní ìlọ́po mẹ́ta, ó bẹ obìnrin kan tó ń ta ẹja dídì ní Apakun, ó sì tẹ́ àwòrán náà sínú fíríísà ńlá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Alájì gbọ́. Ó gba Apakun lọ, ó bá Fẹ́yìsetán níbẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣí fíríísà náà fún òun, ó sì bọ́ fìlà.

"Mọ́ṣúárì lo gbé e wá."

Fẹ́yìsetán ṣàlàyé pé kòkòrò nìkan ni yóò kú. Alájì wá béèrè irú ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán òun. Wọ́n ní panla ni. Ó ní òun ò fẹ́ panla, kí wọ́n gbé e sọ́dọ̀ títù. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwọn oníbàárà, kí obìnrin ẹlẹ́ja tó fi ìbínú kó panla rẹ̀ kúrò. Láti ọjọ́ náà ni Alájì ti ń pe Fẹ́yìsetán ní Dókítà, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tàbí láìsí àwòrán. Kò pẹ́ tí Fẹ́yìsetán fi mọ ìró bàtà rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun máa ń dúró dè é.

Fẹ́yìsetán bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ ohun tó fi ń lẹ nǹkan fún òun, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tí aláìsàn jẹ kò lè mọ oògùn tí yóò fún un. Lọ́jọ́ kìíní, Alájì ní oje igi kan ni, inú igbó Ìsẹ́yìn nìkan ló wà. Lọ́jọ́ kejì, ó di gọ́ọ̀mù tí òyìnbó kan fún òun kó tó kú. Fẹ́yìsetán ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, ìwé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìsíátù, ìyàwó Alájì, tí àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Roqeebah, ló tú àṣírí. Ó gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá Fẹ́yìsetán níbi tó ti ń fi awò wo ara àwòrán, ó sì ní kó bá òun bi bàbá yìí léèrè ibi tí ẹ̀kọ sààrì òun máa ń gbà lọ lọ́dọọdún. Alájì gbójú sókè wo àjà. Ó ní ìgbà tí oje igi yẹn wọ́n lọ́jà ni.

Àmọ́ àwòrán kan wà tí kì í fi ṣeré. Orúkọ rẹ̀ ni Ìrìn-àjò. Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, èrò tó ru ẹrù ló kún inú rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún sì ni ojú ọ̀nà kan wà tí kì í ṣe ọ̀dà rárá. Iyanrìn gidi ni. Alájì ní iyanrìn Mẹ́kà ni, ọwọ́ ara òun lòun fi bù ú lọ́dún tí òun lọ. Ìtàn náà ti dé gbogbo ibi láti Ìsọlọ̀ títí dé Òṣòdì. Nínú ti ọdún kan, ọlọ́pàá Lárúbáwá kan dá a dúró, ó sì sunkún nígbà tó gbọ́ ohun tó fẹ́ fi iyanrìn ṣe. Nínú ti ọdún kejì, ọlọ́pàá di mẹ́ta, wọ́n sì bá a bu iyanrìn kún àpò. Ẹnìkan bi í nígbà kan pé ọdún wo gan-an ló lọ. Alájì fi àánú wò ó. Ó ní ẹni tó bá ti dé Mẹ́kà kì í ka ọdún mọ́.

Fẹ́yìsetán máa ń fẹ́ fi awò wo iyanrìn náà. Alájì ò gbà. Ó ní a kì í yẹ Mẹ́kà wò.

Lóṣù ààwẹ̀ tó kọjá yìí ni Alájì gbé Ìrìn-àjò wá kí wọ́n nù ún, nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú. Fẹ́yìsetán ká ẹ̀gbọ̀n òwú mọ́ igi tín-ín-rín, ó fi sẹ́nu, ó yọ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú sánmà inú àwòrán náà díẹ̀díẹ̀. Alájì dìde lórí àga. Fẹ́yìsetán ṣàlàyé fún un pé ohun kan wà nínú itọ́ tó ń bá wa da oúnjẹ, òun náà ló ń tú ọ̀rá èéfín kúrò lára ọ̀dà láì pa ọ̀dà lára, àti pé àwọn àgbà iṣẹ́ náà lókè òkun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Alájì jókòó padà. Kò rí nǹkan wí sí sánmà, kò rí nǹkan wí sí èrò. Ìgbà tí òwú dé etí iyanrìn ló sọ̀rọ̀.

"Dúró ná, Dókítà. Kí lo jẹ láàárọ̀?"

Fẹ́yìsetán ní búrẹ́dì àti àkàrà ni. Alájì rò ó wò, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kó lọ fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹ̀ lé e dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó sì ń bá a kà á. Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin: ẹni tó ń gbààwẹ̀ ń béèrè oúnjẹ, ẹni tó ti jẹun ń jẹ́jọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, igun kan péré ló kù lára iyanrìn náà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Kí lo jẹ?"

Fẹ́yìsetán ò mọ irọ́ pa, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó ní wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn lánàá, wọ́n gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín wá, òun sì jẹ ègé méjì. Ó ṣẹ́ kù, òun jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí.

Alájì dìde, ó fi aṣọ bo àwòrán rẹ̀, ó fi okùn dì í. Ó ní òun ò bínú, pé ẹnu náà yóò ti mọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn yóò sì parí igun tó kù. Nígbà tí àwọn tó bá a gbé àwòrán ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wẹ̀yìn.

"O ò ṣe kúkú sọ pé búrẹ́dì ni? O ò mọ irọ́ pa rárá. Ó yẹ kí n kọ́ ẹ."

Kò padà wá mọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò bá wọn padà sílé. Fẹ́yìsetán gbọ́ ní agogo mọ́kànlá, ó sì sáré, àmọ́ Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Nígbà tó máa débẹ̀, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ń ká ẹní. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí. Ohun tó ń rò lọ́kàn kò ṣeé sọ fún àwọn tó ń kí i kú ọ̀ràn. Ó ń rò ó pé ká ní òun sọ pé búrẹ́dì ni, Alájì ì bá jókòó sórí àga yẹn fún wákàtí méjì sí i.

Òjò ọdún yìí tètè dé. Páànù ilé Alájì ń jò, Ìsíátù ò sì mọ̀ pé omi ń ṣàn gba ẹ̀yìn Ìrìn-àjò títí iyanrìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀. Àsìkò náà ni Lọ́yà Jeremy, tó ti dárí ji Alájì lórí kòkòrò tipẹ́, ń palẹ̀ gbọ̀ngàn kan mọ́ ní Àgọ́ Palace tí yóò máa kó àwòrán sí fún aráyé láti wò. Ó ní Ìrìn-àjò ni yóò wà lójú ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti tẹ ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: Ìrìn-àjò, láti ọwọ́ Alájì Mùktárù Ọláyanjú, ọ̀dà, aṣọ àti iyanrìn Mẹ́kà. Ohun tó kù ni kí Fẹ́yìsetán tọ́jú rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Inú Fẹ́yìsetán dùn, ó sì tún bàjẹ́. Àwòrán mìíràn tí Alájì yà ti tú ká sí pálọ̀ olówó, èyí nìkan ló lè mú kí ọmọ ọlọ́mọ dúró lójoojúmọ́ kó ka orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé yàrá rẹ̀, ó ta kọ́tìnnì, yàrá ṣókùnkùn, òjò ń lu páànù. Ó tan iná láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ibi tó wú àti ibi tó là lára àwòrán sì yọ síta. Ó mú tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì, ẹ̀kọ sààrì Ìyá Roqeebah sì tàn yòò lábẹ́ gbogbo àkísà. Fẹ́yìsetán rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi di ẹkún.

Lẹ́yìn náà ló kó lára iyanrìn tó já bọ́, ó fi sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Alájì kó tó wò ó. Iyanrìn pupa ni, èédú wà nínú rẹ̀, okùn òwú tó ti gé kélekèle wà nínú rẹ̀, òwú àwọ̀ ewé àti òwú búlúù. Ó wá rí bọ́tìnnì, ìdajì bọ́tìnnì pínkì pẹ̀lú ihò méjì. Ó tún rí òmíràn. Fẹ́yìsetán fi ẹ̀yìn ti àga. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí Ìsíátù ń tà lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì kí wọ́n tó wó àwọn ìsọ̀ ibẹ̀. Òwú àti bọ́tìnnì ni.

Alájì ò dé Mẹ́kà rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Fẹ́yìsetán fi jókòó ti ìwé náà. Tó bá kọ òótọ́, òun ni yóò gba orúkọ Alájì lọ́wọ́ òkú, òun náà ni yóò sì sọ fún opó pé irọ́ ni ọkọ rẹ̀ fi bá a gbé. Tó bá kọ Mẹ́kà, orúkọ òun ló fi ń tì í. Ó gbìyànjú láti kọ iyanrìn lásán, kó fo ibi tó ti wá, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ orí àtẹ̀gùn. Kò tíì rí ẹnikẹ́ni tó kọ́ òun ní irọ́, ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ sì ti lọ. Lọ́yà ń pè lórí fóònù, ó ń béèrè bóyá problem wà. Fẹ́yìsetán kò gbé e mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó da iyanrìn díẹ̀ sínú ìgò oògùn ojú, ó mú awò rẹ̀, ó lọ bá Ìsíátù nílé. Ìyá náà wà nínú tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Báàfù méjì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, òjò ń kán sínú wọn. Fẹ́yìsetán kúnlẹ̀. Ó da iyanrìn náà sórí bébà funfun, ó gbé awò lé Ìsíátù lọ́wọ́.

Ìsíátù wò ó pẹ́. "Bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù ni," ló sọ. "Pínkì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tà á, kò tán."

Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọ tákàbà. Ó ní kí Fẹ́yìsetán dìde jókòó. Ó ní lóòótọ́ ni bàbá Roqeebah ti gba pásípọ́ọ̀tù lọ́dún yẹn, wọ́n ti rán aṣọ funfun fún un, gbogbo àdúgbò ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàdúrà fún àwọn tó bá débẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n wó ìsọ̀. Ìwọ̀nba ohun tí apá òun ká lòun rí gbé. Ó ní ọkọ òun bá òun níbi tí òun jókòó sí lórí ilẹ̀, níbi tí òun máa ń tẹ́ ẹní ìkírun sí, bọ́tìnnì ti wọlé sínú ilẹ̀ káàkiri. Bàbá náà tẹ́ áńkáṣífì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bu iyanrìn náà. Ní ọjọ́ kejì, ó gba owó Mẹ́kà padà, ó fi gba ìsọ̀ mìíràn fún òun ní Apakun. Ó wá ti ara rẹ̀ mọ́lé ní gbogbo àsìkò tí àwọn arìnrìn-àjò fi wà lọ́hùn-ún, ó ń ya àwòrán. Ìgbà tó jáde, ẹni àkọ́kọ́ tó rí i ládùúgbò kí i pé Alájì, ẹ kú àbọ̀.

"Ó wojú mi," ni Ìsíátù wí. "Ojú ń tì í. Èmi ni mo dá wọn lóhùn. Mo ní ẹ ṣé o, Alájì ti dé."

Omi ń kán sínú báàfù. Fẹ́yìsetán béèrè pé, "Kí ni kí n wá kọ, mà?"

"Kọ ohun tí o rí. Ẹni tá a jọ ń ru irọ́ yẹn ti lọ, èmi nìkan ò lè rù ú mọ́. Àti pé ìsọ̀ mi yẹn, kò tíì sí ibi kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí."

Fẹ́yìsetán kọ ọ́. Lọ́yà Jeremy wá ka ìwé náà ní yàrá rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè bóyá bàbá náà ò lọ rárá, Fẹ́yìsetán ní kò lọ. Ó ń retí kí Lọ́yà ní òun ò ṣe mọ́. Lọ́yà ní ẹ̀wà ni bàbá yìí kọ́kọ́ fi mú òun, ó tún wá fi iyanrìn mú òun. Ó mú bírò, ó fagi lé Mẹ́kà lórí ìwé tó ti tẹ̀, ó sì kọ Òṣòdì sí i. Bírò náà dé orí Alájì, ó dúró díẹ̀. Lọ́yà dé bírò, ó fi í sápò, ó ní kí Alájì wà bó ṣe wà.

Fẹ́yìsetán fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kán gọ́ọ̀mù sábẹ́ iyanrìn tó ń ṣí, hóró kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì dá àwọn bọ́tìnnì padà sí àyè wọn. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Igun kan ló kù ní ìparí, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí èéfín ṣì wà lára rẹ̀. Ó ká ẹ̀gbọ̀n òwú mọ́ igi, ó gbé e dé ètè, ó sì dúró. Àga ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú sí i, ó sọ fún un pé búrẹ́dì ni, búrẹ́dì àti tíì. Ó mọ̀ pé iyanrìn Òṣòdì ni, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, òun ló sì fọwọ́ sí i. Ó gbé òwú sílẹ̀, ó rìn lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó sì fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń kà á sókè.